Ibojì tí Olóyè Oyèkọ́lá Lẹ Táìsì Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Dubai, tí ẹ kò sì dé ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá rí nígbà ayé ìṣàkóso Olóyè Oyèkọ́lá, ẹ kò mọ ewu tí Ọlọ́run yọ yín nínú rẹ̀. Aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìpè. Aago mẹ́fà kọjá ni Olóyè máa ń dé sí gbọ̀ngán òkè ilé oúnjẹ tí wọ́n ń lò ní Deira. Kò sì ní wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àga rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àga olómi góòlù tí àwọn ọkùnrin méjì ń gbé ti inú ọkọ̀ wá, nítorí Olóyè kì í jókòó síbi tí ìdí ẹlòmíràn bá ti kàn rí. Agbòjò ló tẹ̀ lé àga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n wà, ní ìlú tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn agbòjò ni Olóyè fúnra rẹ̀.

Gbogbo ilé á dìde. Olúṣẹ̀san, alukoro ẹgbẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ta fóònù, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè: Olóyè, Dókítà, Ẹnjiníà, Alàgbà, Baba Ìsàlẹ̀ ti Deira, Ààrẹ Olùdásílẹ̀, Ààrẹ Títí Láé, Olúbáyọ̀ Oyèkọ́lá. Dókítà yẹn, íméèlì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnjiníà ní tirẹ̀, torí pé ó ń ta táìsì ní Al Quoz ni. Bí Olúṣẹ̀san bá fo ẹyọ kan, Olóyè á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Aboyún máa ń wà nínú àwọn tó dúró o, mo kàn ní kí n sọ fún yín.

Láàárín ọdún kan péré, ọkùnrin yìí ṣe òfin tó pọ̀ ju ti àwọn tó ń gba owó oṣù nítorí òfin ṣíṣe. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde ní ìpàdé kí òun tó jáde. Òfin yìí ni kò jẹ́ kí Àlhájà Mùlíkàt, tó wá ra bàtà láti Èkó, bá ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. Bàtà rẹ̀ dé Èkó ṣáájú rẹ̀. Ó yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ẹni tó bá fi ìka lásán pa á. Nígbà Ààwẹ̀ ó pín ìrẹsì, àwòrán rẹ̀ wà lára àpò. Nígbà Kérésì ó pín ìrẹsì kan náà, fìlà inú àwòrán nìkan ló ní kí wọ́n pààrọ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí àwọn ènìyàn kò fi bá tiwọn lọ. Ẹgbẹ́ yìí ló máa ń gbé òkú ọmọ wa relé bí ọlọ́jọ́ bá dé sí ẹnikẹ́ni ní àjò. Òun náà ló máa ń bá ẹni tuntun wá bedspace, ìyẹn ibùsùn kan nínú yàrá àjùmọ̀gbé. Torí ẹgbẹ́ ni wọ́n ṣe ń fara da Olóyè, òun sì rò pé torí òun ni wọ́n ṣe ń fara da ẹgbẹ́.

Ọdún tó kọjá, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀ díẹ̀, Olóyè ń ti Al Dhaid bọ̀, níbi tó ti lọ wo oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ti mu omi púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibì kan nínú aṣálẹ̀ Sharjah tí n kò ní dárúkọ, ó ní kí awakọ̀ dúró. Ó wọ inú yanrìn lọ, ó rí òkúta ńlá kan tó lè bo ènìyàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká agbádá rẹ̀ sókè.

Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kò gbọ́dọ̀ ṣe é níbẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, gádì kan ló ń sáré bọ̀. Bí gádì náà ṣe rí fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sir, not here. Òkú àtijọ́ ni wọ́n sin síbẹ̀ yẹn."

Àmúsà lorúkọ gádì yìí, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ẹni ọdún méjìlélógójì. Inú ilé onípákó kékeré kan létí ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ka òkúta lọ. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, kí wọ́n pé mẹ́sàn-án láàárọ̀, kí wọ́n pé mẹ́sàn-án nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti sọ fún un lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ pé bí ohunkóhun bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, khalas, visa rẹ̀ dópin, kí ó máa lọ sílé. Shukurat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti wà ní ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì ń rán an. Ìparí oṣù Jánúárì ni ìwé àdéhùn Àmúsà máa parí, wọn kò sì tíì sọ fún un bóyá àwọn á fún un ní tuntun.

Olóyè bi í pé òkúta kí ni. Àmúsà ṣàlàyé fún un bí àwọn onímọ̀ ṣe ṣàlàyé fún òun náà. Ó ní ní bí ẹgbẹ̀rún méje ọdún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ irin rọ, àwọn darandaran kan gbé ibẹ̀, wọ́n sì fi òkúta gàgàrà kọ́ ilé fún àwọn òkú wọn. Ilé òkú náà dúró títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kan tó ń la ọ̀nà rí i pé òkúta ọ̀fẹ́ ni. Ó fi katakata wó o, ó lọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ ọ̀nà. Òkúta mẹ́sàn-án ló kù, àti àmì róbótó kan nílẹ̀ tó ń fi ibi tí ògiri gbà hàn. Àwọn egungun ti wà nínú àpótí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Olóyè bi í pé àwọn ọmọ òkú ńkọ́.

"Wọn ò mọ àwọn ọmọ wọn, Bàbá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olóyè lára. Òkú ńlá, tí kò ní ọmọ tí a mọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé rẹ̀ ní Al Warqa, òun ti di ọmọ náà.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, ó dìde lórí àga rẹ̀, ohun tí kì í ṣe bí kò bá ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ó kọ́kọ́ sunkún díẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù nujú, ó wo bóyá wọ́n ń yà á sí fídíò, ó sì tún sunkún díẹ̀ sí i.

"Ẹ̀yin ọmọ baba mi," ló wí, "àwọn àgbà sọ fún wa pé láti ìlà-oòrùn la ti ṣẹ̀ wá. Mo ní níbo ni ìlà-oòrùn wà? Ṣé Canada ni? Ibi tí ẹ jókòó sí yìí ni. Àwọn baba ńlá wa gba Sharjah kọjá, it is simple logic. Ó rẹ ọ̀kan nínú wọn, ó sùn, kò jí mọ́. Wọ́n sin ín, wọ́n bá ọ̀nà wọn lọ. Ìjọba ní àwọn ò mọ ọmọ rẹ̀. Èmi wá wo àwọn òkúta yẹn títí, mo rí i pé wọ́n fojú jọ wá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Àwọn ìgbìmọ̀ àtẹ́wọ́ ń wò wọ́n. Ìyáàfin Bọ́láwùmí nìkan ló nawọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Sharjah, òun sì ni igbákejì ààrẹ, ipò tí Olóyè fún un nítorí ó rò pé ẹnu rẹ̀ kì í dún. Ó bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni láyé tiẹ̀ ti ń sọ Yorùbá ní ẹgbẹ̀rún méje ọdún sẹ́yìn. Olóyè dá a lóhùn pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú tẹ̀ síwájú. Lójú ẹsẹ̀ ló fi obìnrin náà sínú ìgbìmọ̀ tó ń pín omi, wọ́n sì fi oyè tuntun kún ti Olóyè: Àrólé Ibojì Àgbáyé. Oyè kíkà wá di ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀. Nílé wa, ọmọ tó bá ríṣẹ́ ṣe, ibojì baba rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lẹ táìsì sí. Baba lè sun ilé amọ̀ jálẹ̀ ayé rẹ̀, kí òrùlé máa jò sí i lórí. Bó bá kú tán, á wá máa sùn sábẹ́ mábù, pẹ̀lú irin yíká àti àwòrán lókè orí. Ọmọ tí kò bá ṣe é, àwọn ará àdúgbò á máa fojú wò ó. Nítorí náà nígbà tí Olóyè wo òkúta mẹ́sàn-án inú yanrìn yẹn, ojú tì í gan-an. Ohun tó rí ni ibojì baba tí àwọn ọmọ pa tì. Èyí nìkan ni n kò lè bá a jà lé lórí, torí inú rere wà nínú rẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn páálí táìsì pupa rẹ́súrẹ́sú kan tún wà nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀ ní Al Quoz, olódòdó róòsì, láti ìgbà kòrónà. Kò sí oníbàárà tó gbà á, wọ́n ní ó jọ ti ilé ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Bí inú rere Olóyè ṣe bá ẹrù tí kò tà pàdé nìyẹn.

Ó padà lọ bá Àmúsà, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un.

"Bàbá, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Olóyè wò ó bí ẹni pé ó bú u. "Ṣé èmi ni ẹnikẹ́ni?"

Àmúsà ní rárá sir. Ẹni tó lè bí i lọ́mọ ló dúró síwájú rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé bí wọ́n bá lè bá òun gba paper lọ́wọ́ ìjọba, no wahala. Lọ́jọ́ kẹta, Olóyè mú lẹ́tà dé. Olóyè fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀, láti tọrọ ààyè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ ti fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò. Àmúsà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí Bàbá má bínú, kì í ṣe ti ìjọba lèyí. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó kí i pé ó kú iṣẹ́, ó sì lọ. Àmúsà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Olóyè ti bi awakọ̀ tó ń gbé àwọn gádì pé ìgbà wo ni Àmúsà kì í sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń wá gbé e lọ kírun ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, ó di aago méjì kó tó dé. Ní aago méjìlá géérégé Jímọ̀ kan nínú oṣù Jánúárì, ọkọ̀ akẹ́rù méjì yà kúrò lójú títì, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́wàá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì àti omi. Ọ̀gá wọn, ará Pakistan kan tó mọ táìsì lẹ̀ bí ẹní mọ owó, wò yíká gbogbo aṣálẹ̀, ó sì bi Olóyè pé níbo ni bathroom wà.

Wọ́n da sìmẹ́ǹtì sórí àmì róbótó tí ògiri fi sílẹ̀. Òkúta kẹrin fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ti ṣe láti ọjọ́ tó ti wà. Olóyè ní àbùkù ni, kí wọ́n lù ú kó tọ́. Wọ́n lù ú, ó sì sán. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i. Wọ́n lẹ táìsì róòsì mọ́ gbogbo òkúta láti ìdí dé ọ̀rùn, wọ́n fi irin yí i ká, wọ́n sì gbé mábù dúdú kan síwájú. Àwòrán Olóyè wà lára mábù náà, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, àti déètì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé "àti baba ńlá wa."

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Àmúsà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ibi tí kì í ṣe tiwọn ni awakọ̀ já òun sí. Ó sún mọ́ ọn, ó fẹ́ ka òkúta rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣe, kò rí wọn kà, nítorí wọ́n ti lẹ méjì pọ̀ mọ́ra níbì kan. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún, ọkùnrin ọdún méjìlélógójì. Shukurat ló ń rò.

Ó lè dákẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kì í dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ṣùgbọ́n Àmúsà kò dákẹ́, ó tẹ ọ̀gá rẹ̀ láago lójú ẹsẹ̀ pé àwọn kan ti lẹ táìsì bo òkúta. Ọ̀gá bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé táìsì báwo. Ó ya fọ́tò ibẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí kò rí ẹni tó ṣe é lójú, kò sì fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ ta àgbàlagbà fún ìjọba.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni Olóyè ti dá fún ìṣíbojì. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta kó ọmọ ẹgbẹ́ wá láti Deira àti Sharjah. Wọ́n gbé àga góòlù kalẹ̀ sórí yanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rì, wọ́n wá páálí táìsì tó ṣẹ́kù fi gbé e. Nígbà tí Bọ́láwùmí sọ̀kalẹ̀, ó rí gádì kan tó jókòó síwájú ilé onípákó, tó di orí mú. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ara mi yá," ni Àmúsà fèsì. "Iṣẹ́ mi ló ti lọ. Àwọn ìjọba ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, èmi ni wọ́n máa mú." Ó wá ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un, lẹ́tà olóǹtẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ tí jíìpù ìjọba méjì fi dé. Dókítà Maryam ló sọ̀kalẹ̀ nínú èyí àkọ́kọ́, obìnrin Lárúbáwá kan tó ń bójú tó ohun àtijọ́ ní agbègbè náà, ọlọ́pàá méjì sì tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú Olóyè dùn? Ó ní ìjọba ti wá yẹ́ òun sí. Ó ní kí Olúṣẹ̀san tún oyè kà látòkè, kí àlejò lè gbọ́. Olúṣẹ̀san ń kà, Dókítà Maryam kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ ti òkúta kẹrin, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó ti sán. Àwọn tó sún mọ́ ọn rí i pé omi lé ròrò sí i lójú.

Ó dìde, ó sì bèèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló ṣe èyí. Olóyè ti ń bọ̀ pẹ̀lú apá ṣíṣí gbayawu. Ó rí i tí ọlọ́pàá kan yọ ìwé àti kálámù, tí èkejì sì ń tú ohun kan tó ń dán kúrò nínú bẹ́líìtì rẹ̀. Apá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dókítà Maryam bi í bóyá òun ni. Olóyè ní rárá o, ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fi ràkúnmí sáré ìje lòun ń wá tí òun fi ṣì yà síbẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí àwòrán ara mábù. Ó wò ó dáadáa, ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó ní òun kò mọ ọkùnrin yẹn rí. Wọ́n bi Olúṣẹ̀san. Ọkùnrin tó ti ka oyè fún ọdún mẹ́rin wo àwòrán, ó wo Olóyè, ó ní ti inú àwòrán sanra ju èyí lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kún bọ́ọ̀sì mẹ́ta sì ń wo ilẹ̀.

Ọlọ́pàá yíjú sí Àmúsà. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, gádì ni yóò tẹ̀ lé àwọn, òun ni wọ́n fi ibẹ̀ sí níkàáwọ́. Àmúsà dìde. Ó wo ojú Olóyè, Olóyè sì wo ojú sánmà. Ta ló máa gba gádì gbọ́ níwájú agbádá?

Ibí yìí ni Bọ́láwùmí ti lọ bá Dókítà Maryam, tó sì sọ̀rọ̀ sí i létí. "Doctor, please give me five minutes. Don't say anything. Just watch the man in the big cap." Ó padà, ó ní kí Àmúsà jókòó sórí àga góòlù, kó má sì la ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù ba Àmúsà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì máa ń ní ohùn kan tí ènìyàn kò lè kọ̀ sí lẹ́nu, ó jókòó.

"Ẹ̀yin ènìyàn wa," ni Bọ́láwùmí wí sókè, "a ti ṣì í ṣe. Gbogbo ìgbà tá à ń kí Olóyè fún ibojì yìí, òun alára ti ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A gbà á gbọ́. Ó wá hàn pé Àmúsà ló ṣe é. Òun ló lẹ táìsì tó tẹ́ bẹẹrẹ báyìí. Láti òní lọ, Àmúsà ni Àrólé Ibojì Àgbáyé. Ẹ jẹ́ ká pa orúkọ inú mábù yìí rẹ́, ká kọ tiẹ̀ síbẹ̀."

Àlhájà Mùlíkàt, tó tún ti wá rajà lọ́sẹ̀ náà, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó kù gbà á. Ọkùnrin méjì gbé agbòjò lé Àmúsà lórí. Olúṣẹ̀san, tó máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bá fì sí, tẹ́ ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: Olóyè, Dókítà, Ẹnjiníà, Alàgbà, Àmúsà ọmọ Ìṣẹ́yìn.

Ojú Olóyè ń pọ́n. Ó gbà á mọ́ra ní Olóyè, ó gbà á mọ́ra ní Dókítà. Nígbà tí wọ́n dé Baba Ìsàlẹ̀ ti Deira, ó ti gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí wọ́n pe Àmúsà ní Ààrẹ Títí Láé, agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́.

"Ẹ dákẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é. Táìsì mi ni, láti Al Quoz. Fọ́tò mi nìyẹn. Kí ni gádì mọ̀ nípa táìsì?"

Ó yí sí Dókítà Maryam, ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi kún un pé gádì náà gan-an ti kọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì, pé bó bá ṣe tirẹ̀ ni, ibojì ì bá ṣì wà nínú yanrìn bẹ́ẹ̀. Kò sí amòfin tó lè gba Àmúsà sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún un ní ìwé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kún ojú ewé kan, ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn, torí oyè kò tíì tán. Ó kà á kí ó lè rí i dájú pé àmì orí orúkọ òun pé, ó sì fọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá kò jágbe mọ́ ọn rárá. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn jíìpù, ó ní, "Yalla, sir." Àga góòlù kò gba ẹnu ọ̀nà jíìpù.

Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé e. Owó àwọn tó bó táìsì náà tún di tirẹ̀, odindi ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́wàá ni wọ́n sì fi ní kó máa wá kó pàǹtí síta fún wọn. Irin kékeré bíi ti oníṣègùn eyín àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń yọ sìmẹ́ǹtì, ìwọ̀nba àtẹ́lẹwọ́ kan lójúmọ́. Òkúta mẹ́jọ yọ láìfarapa púpọ̀. Òkúta kẹrin là sí méjì. Ó la ẹgbẹ̀rún méje ọdún kọjá, ó bọ́ lọ́wọ́ katakata, ó wá kú sọ́wọ́ ẹni tó pè é ní baba. Ó dùn mí, n kò ní fi ṣàwàdà.

Wọ́n fún Àmúsà ní àdéhùn ọdún méjì tuntun, nítorí pé ó pè lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ dìbò, Bọ́láwùmí di ààrẹ. Aago mẹ́rin ni ìpàdé ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, aago márùn-ún ààbọ̀ ló ń parí, ẹni tó bá fẹ́ sì lè fi ìka kan ṣoṣo pàtẹ́wọ́.

Níkẹyìn, ìjọba gbé pátákó kan síbẹ̀ fún àwọn tó ń wá wo ibojì. Ní Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ ìtàn àwọn darandaran, wọ́n kọ ti katakata, wọ́n sì kọ ọ́ ní ìlà tó kẹ́yìn pé ọkùnrin kan lẹ táìsì bo ohun tó kù, àti pé wọ́n ti bó o kúrò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹwàá, tí ìjìyà rẹ̀ parí, ni Olóyè kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá lọ sí ọ́fíìsì Dókítà Maryam, ó fẹ̀sùn kan wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi dárúkọ òun. Ó ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí wọn lórí rẹ̀. Dókítà Maryam dáhùn ẹyọ kan, ó ní àwọn kò dárúkọ awakọ̀ katakata náà.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Al Dhaid kọjá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ óò rí ọkùnrin kan tó wọ fìlà gíga, tí ẹnikẹ́ni kò rán mọ́, tó dúró ti pátákó. Á jẹ́ kí àwọn àlejò kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, á wá fọwọ́ sọ àyà, á ní, "That man, na me. Èmi ni." Àwọn Òyìnbó á rò pé orí rẹ̀ kò pé, wọ́n á rìn lọ. Òun á máa tẹ̀ lé wọn, kí ó lè sọ oyè rẹ̀ fún wọn.

Àmúsà á sì máa pè é láti ẹnu ọ̀nà ilé onípákó rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ènìyàn ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ ti ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀."